Ta Ló Gbá Yẹ̀kínì Ní Gìgísẹ̀?

Firíìjì tí Yẹ̀kínì àti Sherif jọ gbé ní Ọjà Àlàbá lọ́jọ́ náà wúwo tó erin méjì, tí ọ̀kan nínú wọn sì lóyún. Alábàárù ni àwọn méjèèjì. Yẹ̀kínì wà níwájú, Sherif wà lẹ́yìn.

Wọn ò tíì dé ìdí ọkọ̀ tí Yẹ̀kínì fi gbọ́ "pàá!" ní gìgísẹ̀ òsì, bíi pé táyà tírélà ló bẹ́ nínú bàtà rẹ̀. Ó ṣubú lulẹ̀, firíìjì náà balẹ̀ gbìì.

"Sherif! O gbá mi! Kí ni mo ṣe fún ọ?"

"Èmi kẹ̀? Ọwọ́ mi méjèèjì wà lábẹ́ firíìjì, ẹsẹ̀ mi méjèèjì wà nílẹ̀. Ṣé ìrù ni mo fi gbá ọ ni?"

"Ìwọ nìkan lo wà lẹ́yìn mi! Jẹ́ kí n dìde, màá fọ́ ọ létí débi pé wàá rí Bàdágírì láti ibí!"

Ṣùgbọ́n kò lè dìde. Ó ní kí òun fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, ẹsẹ̀ ò dá a lóhùn. Alábàárù tí ẹsẹ̀ ò gbé mọ́, kí ló fẹ́ fi bọ́ ọmọ mẹ́ta?

Sherif fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé e lọ sí ọsibítù kan ní Ìbà, Yẹ̀kínì sì ń bú u lọ lójú ọ̀nà. Nàfísàt ìyàwó rẹ̀ sáré bá wọn níbẹ̀ láti Okokomaiko.

Dókítà Ìyìnolúwa fi ìka tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ náà. Kòtò ló bá níbi tó yẹ kí iṣan wà.

"Bọ̀dá, ẹnikẹ́ni ò gbá yín. Iṣan gìgísẹ̀ yín ló já."

"Ó já? Ṣé okùn ni?"

"Oògùn wo lẹ ń lò?"

"Ara mi ń gbóná, mo rò pé táífọ́ọ̀dù ni. Mo ti ń lo sípírò láti ọjọ́ mẹ́fà. Méjì-méjì ni mo ń gbé mì, kó lè tètè ṣiṣẹ́."

"Ta ló kọ ọ́ fún yín?"

Yẹ̀kínì wo Sherif. Sherif wo àjà.

"Èmi ni mo fún un," ni Sherif wí, ohùn rẹ̀ kò tó ti ẹ̀fọn. "Èyí tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n kọ ọ́ fún mi lọ́dún tó kọjá."

Nàfísàt káwọ́ lérí. "Yéè! Oògùn tó gba ọ̀fun wọlé ló lọ já iṣan nísàlẹ̀?"

"Kò wọ́pọ̀, Ìyá," ni dókítà dáhùn, "ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀. Oògùn apakòkòrò tó lágbára ni. Ó lè sọ iṣan di ẹlẹgẹ́, pàápàá lára ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu, tàbí ẹni tó ń lo sítẹ́róìdì. Bọ̀dá, ṣé ẹsẹ̀ náà ò kọ́kọ́ dùn yín?"

"Láti ìjẹta ni. Mo fi ìpara ra á, mo sì tún gbé jẹnẹrétọ̀ méje."

"Áà! Ìjẹta gan-an ló yẹ kí ẹ dáwọ́ oògùn yẹn dúró, kí ẹ wá rí wa."

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, èsì sì wọlé. Kì í ṣe táífọ́ọ̀dù rárá. Ibà ẹ̀fọn ni, èyí tí sípírò kì í wò.

"Ó máa tó oṣù mẹ́fà kí ẹ tó tún lè gbé ẹrù," ni dókítà wí.

Yẹ̀kínì ń wo ẹsẹ̀ náà bíi pé ti ẹlòmíràn ni wọ́n gbé wá fún un.

Ẹ̀yin ará Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko, ara gbígbóná kì í ṣe táífọ́ọ̀dù títí àyẹ̀wò yóò fi sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má lo oògùn apakòkòrò tí dókítà ò kọ fún yín. Ẹ má fún ọ̀rẹ́ ní àjẹkù tiyín, bó ti wù kí ẹ fẹ́ràn rẹ̀ tó. Iye tí wọ́n bá kọ ni kí ẹ lò, kí ẹ sì lò ó tán. Omi ni kí ẹ fi gbé sípírò mì, kì í ṣe mílíìkì. Ẹ sọ gbogbo oògùn mìíràn tí ẹ ń lò fún dókítà, àti bí ẹ bá lóyún. Ṣùgbọ́n bí iṣan bá ń dùn yín, bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá ń ta yín ṣìnṣìn, tí àyà ń lù kì-kì, tàbí tí ara ń wú, ẹ dá oògùn náà dúró, kí ẹ sì sáré lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Ẹ má dúró kí ó ró "pàá."