Ihò Tí Mo Dí Lára Kásẹ́ẹ̀tì

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹta ọdún 1986, iná mànàmáná dé sí Ìsẹ́yìn ní aago mẹ́wàá àárọ̀, mo sì fi ọwọ́ ara mi pa àwòrán bàbá bàbá mi rẹ́.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, mo ń kọ́ iṣẹ́ fídíò lọ́dọ̀ Bùọ̀dá Bàṣírù. Kásẹ́ẹ̀tì kékeré tí a fi ń ya fídíò kì í wọ ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń wò ó nílé, nítorí náà, a máa ń da àwòrán inú rẹ̀ kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì ńlá fún àwọn oníbàárà.

Bàbá Àgbà Ògúnsúyì, bàbá bàbá mi, ti kú ní ọdún tó ṣáájú. Inú kásẹ́ẹ̀tì kékeré kan ṣoṣo ni wọ́n ti jókòó sídìí òfì, tí wọ́n ń ka òwú ọnà kan tí àwọn nìkan mọ̀ ọ́n hun. Bàbá mi ti gba iṣẹ́ aṣọ ìyàwó kan, ọnà yẹn gan-an sì ni oníṣẹ́ náà fẹ́. Ẹ̀rọ ńlá ni a ní nílé tí bàbá mi yóò fi wo bí wọ́n ṣe hun ún.

"Dúróríkẹ́, fi tiyín sílẹ̀ títí n ó fi ti ọjà dé," ni Bùọ̀dá Bàṣírù wí.

Bí wọ́n ṣe jáde báyìí ni Àwáwù ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín. "Oṣù mẹ́fà lo ti ń gbálẹ̀ níbí. Ṣé ìgbálẹ̀ ni wọ́n fi ń da fídíò kọ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo ki kásẹ́ẹ̀tì Bàbá Àgbà bọ ẹ̀rọ kan, mo ki kásẹ́ẹ̀tì ńlá òfìfo bọ èkejì. Mo tẹ bọ́tìnnì pupa ti ẹ̀rọ tí Bàbá Àgbà wà nínú rẹ̀, kò wọlé. Mo yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, mo rí i pé ike kékeré kan létí rẹ̀ ti kán, ó ku ihò. Nílé ahunṣọ, a kì í rí òwú tó já ká má so ó. Mo fi sẹ́lótéèpù dí ihò náà. Bọ́tìnnì wọlé.

"Mi ò rí àwòrán kankan o," ni Àwáwù wí.

"Tó bá parí, yóò hàn."

A jókòó tì í fún ogójì ìṣẹ́jú. Bùọ̀dá Bàṣírù wọlé, wọ́n rí iná pupa, wọ́n dúró bí òpó.

"Ta ló dí ihò yìí? Èmi ni mo kán an, kí ẹnikẹ́ni má baà kọ nǹkan lé e. Òfìfo ni à ń tẹ pupa fún; àwòrán inú èyí ti pa rẹ́."

Mo yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, mo mú un lọ sílé.

Nílé, bàbá mi ti ta òwú sílẹ̀, wọ́n ń dúró dè mí. Nígbà tí mo rò ó tán, wọ́n di ọ̀kọ̀ ìhunṣọ mú, wọn ò jù ú.

"Ṣé o bi ẹnikẹ́ni kí o tó dí i?"

"Rárá, Bàbá."

Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kì í ṣe gbogbo ohun tó kán ló bàjẹ́. Nígbà míì, ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ kán an, ìdí sì wà níbẹ̀. Bàbá mi tú òwú náà, wọ́n dá iṣẹ́ padà fún oníṣẹ́.

Kò sí ẹni tó lè hun ọnà yẹn mọ́ nílé wa.