Irun Oyèníran

Ọkùnrin tó wọ ọ́fíìsì mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà kò ní èékánná kankan. Ọdún 1964 ni, èmi sì ni akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ ní Èjìgbò.

"Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ orúkọ mi kúrò láàárín àwọn òkú," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Èmi ni Oyèníran, ará ìlú Ara."

Orí mi wú. Lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn, Sàlàkọ́ àbúrò rẹ̀ ti Àbíjàn dé, ó ní ẹ̀gbọ́n òun kú síbẹ̀. Bí a ti ń ṣe fún ẹni tó kú sí ìdálẹ̀, ó kó irun àti èékánná wálé, wọ́n sì sin wọ́n ní Ara. Ó yẹ kí n béèrè lẹ́tà ẹ̀rí ikú lọ́wọ́ olórí àwọn ará Èjìgbò ní Àbíjàn. N kò béèrè; ta ní ń sin irun alààyè? Mo kọ ọ́ pé Oyèníran ti kú, kí Sàlàkọ́ máa bójú tó ilé, oko kòkó àti Damaris, ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án tó fi sáyé lọ.

"Mo fárí, mo gé èékánná. Sàlàkọ́ ló bá mi gbá a," ni ọkùnrin náà wí. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin wọ́n, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn mọ́, àfi ẹ̀yin. Bóyá torí pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ ni. Ẹ sáà jẹ́ kí ọmọ mi rí mi."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo fa igi lé orúkọ náà nínú ìwé. Yíǹkì gbẹ, igi náà sì pòórá lójú mi. Ni a bá wọ mọ́tò lọ sí Ara. Nínú mọ́tò, obìnrin kan gbé agbọ̀n rẹ̀ lé Oyèníran nítan bí ẹni pé kò sẹ́ni níbẹ̀.

Damaris wà lórí òkúta lẹ́bàá ọ̀nà níwájú ilé wọn, níbi tí mọ́tò ti ń já èrò. Ibẹ̀ ló ń jókòó sí lójoojúmọ́, tó ń retí bàbá rẹ̀. Wọ́n bá a wí títí, kò gbọ́. Oyèníran kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Ọmọ náà rí mi, ó kúnlẹ̀ kí mi, àwọn méjèèjì sì dojú kọra wọn lórí ìkúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé bàbá mi ti kú. Ṣé òótọ́ ni?"

Oyèníran gbójú sókè. "Ẹ sọ fún un pé mo ti dé."

Mo fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ nàka sí tí ọmọ náà yóò rí? Ẹ̀rù bà mí, ojú sì tì mí.

"Òótọ́ ni," ni mo wí.

Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀.

"Ẹ ṣé, sà. N ò ní dúró dè wọ́n mọ́."

Ó wọlé lọ. Oyèníran jókòó sórí òkúta tó fi sílẹ̀, ó kọjú sí ilẹ̀kùn ilé náà. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo wọ mọ́tò padà sí Èjìgbò.