Ọwọ́ Kan Lókùn, Ọwọ́ Kan Lára Ọ̀rẹ́

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ojú Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ọmọkùnrin kan tí kò rí rí.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn kún fọ́fọ́. Ẹsẹ̀ ńlá níhìn-ín. Ẹsẹ̀ ńlá lọ́hùn-ún. Gìrì-gìrì-gìrì!

Láàárín gbogbo ẹsẹ̀ yẹn, ojú méjì ń wo Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ojú náà rẹwà, àmọ́ omi kún inú rẹ̀.

"Ọmọ wa tuntun rè é o," ni Àǹtí tó ń tọ́jú àwọn ọmọ ní jẹ́lé-ó-sinmi ilé ìwòsàn náà wí. "Ó yá, ẹ di òrùka mú! A fẹ́ lọ wo ibi iṣẹ́ àwọn òbí yín."

Okùn gígùn kan tí òrùka wà lára rẹ̀ ni wọ́n máa ń dì mú rìn. Òrùka kan, ọmọ kan. Ẹni tó bá dì í mú kì í sọnù.

Àmọ́ ọmọ tuntun kò di òrùka mú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá lẹ́tà kan mọ́ àyà.

"Di òrùka mú," ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí.

"Mi ò lọ́wọ́ mìíràn. Mọ́mì mi ni mo kọ ọ́ fún. Ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ni wọ́n wà. Mo sọ fún wọn láàárọ̀ pé mi ò fẹ́ràn wọn mọ́."

"Háà! O sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo sọ ọ́. Irọ́ ni mo pa."

Okùn gbéra. Wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ọmọ tuntun ń sáré tẹ̀ lé wọn. Ẹsẹ̀ ńlá tì í sọ́tùn-ún. Ẹsẹ̀ ńlá tì í sósì. Kẹ̀kẹ́ aláìsàn kọjá, fìrì! Ó di àwátì.

"Yéè! Ọmọ ọlọ́mọ dà?" ni Àǹtí kígbe.

Wọ́n bá a lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lẹ́tà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹkún wà lójú rẹ̀.

"Bóo bá tún sọnù, gbogbo wa máa padà sí kíláàsì ni o," ni Àǹtí wí. "Ẹ̀mí mi ò gbà á."

Ó wá kan yàrá tí mọ́mì Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti ń ṣiṣẹ́. Awò kan wà níbẹ̀ tó ń sọ ohun kíún di ràbàtà.

"Ẹ wo sẹ́ẹ̀lì kan o," ni mọ́mì wí. "Ègé bíńtín lára èèyàn ni."

Okùn tín-ín-rín kún inú rẹ̀. Àwọn àpò kéékèèké ń gba orí okùn lọ. Wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́ọ́rọ́wọ́.

Àpò kan dá wà. Ó ń yí gbiri-gbiri. Kò rọ́nà lọ.

"Kí ló ṣe ìyẹn?" ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ béèrè.

"Kò tíì rí ẹni mú un, ìyá mi. Ohun kíún kan wà tó dà bí ọwọ́. Pírótéènì ni. Ó ń fi apá kan mú àpò, ó ń fi apá kejì mú okùn."

"Ta ló ń ṣe é?"

"Ara wa ni. Jíìnì kan wà nínú wa tó ń sọ fún ara pé, ṣe é báyìí, ṣe é báyìí."

"Ṣé ó wà nínú mi?"

"Ó wà nínú rẹ. Ó wà nínú Àǹtí. Ó wà nínú ọ̀gá kékeré tó tọwọ́ bọ imú lẹ́yìn yẹn."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, kẹ̀kẹ̀kẹ̀! Ọ̀gá náà yára yọ ọwọ́.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún. Ó wo òsì.

Nígbà tí okùn tún gbéra, ó fi ọ̀tún di òrùka mú. Ó fi òsì di ẹ̀wù ọmọ tuntun mú, dan-in-dan-in.

"Di lẹ́tà rẹ mú," ó ní. "Èmi ti dì ọ́ mú."

Ọwọ́ kan lókùn. Ọwọ́ kan lára ọ̀rẹ́. Wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ẹsẹ̀ ńlá dé. "Ẹ yàgò o!" ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kígbe. Kẹ̀kẹ́ kọjá, fìrì! Ọwọ́ kò já.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n gbọ́ ohùn ẹ̀rọ tó ń fọ aṣọ. Gbùùrù-gbùùrù-gbùùrù!

Obìnrin kan dúró sídìí òkìtì aṣọ funfun. Ojú rẹ̀ pọ́n díẹ̀.

"Ọkọ mi!" Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mọ́mì, irọ́ ni mo pa láàárọ̀. Mo fẹ́ràn yín. Mo fẹ́ràn yín gan-an ni."

"Mo ti mọ̀, ọkọ mi. Àmọ́ ṣáà tún un sọ."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ mí kanlẹ̀, hùùù! Ó rọra fi ẹ̀wù náà sílẹ̀.

Ọmọ náà na ọwọ́ méjèèjì. Ó fi lẹ́tà lé mọ́mì rẹ̀ lọ́wọ́.