Ọ̀pá Imọ̀ Tí Philip Fi Wọn Rhoda

Wọ́n fi ọ̀pá wọn Rhoda láàyè. Ọkọ rẹ̀ ló ṣe é, kò sì tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ sí Kabba, kó wo àwọn ìró rẹ̀ lórí okùn, kó wo ibi tó gé wọn dé.

Aránṣọ ni Rhoda. Ojoojúmọ́ ló ń fi téèpù wọn èèyàn, nǹkan kan kì í ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n nílé bàbá tó bí i ní Iyah-Gbede, téèpù ni ti alààyè, ọ̀pá imọ̀ ọ̀pẹ ni ti òkú. Wọ́n á gé e, wọ́n á fi wọn òkú látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tẹ́ ọ̀pá náà sí ẹ̀gbẹ́ òkú nínú ilẹ̀. Ọmọdé kì í fi ṣeré.

Philip mọ̀. Kì í ṣe àlejò.

Iṣẹ́ rélùwéè ló ṣe ní Ọ̀fà títí ó fi fẹ̀yìntì. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún: rélùwéè kò dé Kabba rí. Ló bá ní òun fúnra òun yóò gbé e dé, lórí tábìlì, nínú yàrá ẹ̀yìn. Moyinolúwa, ọmọ wọn tó wà lókè òkun, ń fi ọkọ̀ ojú irin kékeré ránṣẹ́ sí i.

"Ìwọ̀n ló ṣòro jù," ó ń ṣàlàyé fún Rhoda. "Mẹ́ta ló wà. Nínú èyí tó tóbi, èèyàn á ga tó ìdajì ìka. Nínú ti àárín, tó oríkèé àtàǹpàkò. Nínú èyí tó kéré jù, tó hóró ìrẹsì. Tí mo bá ṣi ìwọ̀n mú, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́."

Ó ń wá èèyàn kan tí yóò fi ṣe òdiwọ̀n. Rhoda ń sun oorun ọ̀sán lórí ẹní. Téèpù wà lórí maṣíìnì. Kò mú un.

Nígbà tí Rhoda rí ọ̀pá náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ké sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Moyin, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ìwọ ni mo fi wọ̀n."

"Èmi?"

"Eré ni. Àbí ìwọ náà kì í wọn èèyàn?"

"Mo ń fi ọ̀pá wọn wọ́n ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó fi ère kan hàn án: obìnrin tó gbé báàgì dání, tó ń dúró de ọkọ̀. Ó ga tó ìdajì ìka. Ojú Rhoda ló gbẹ́ sí i.

Ìwọ̀n ńlá yẹn kò pẹ́. Ibùdókọ̀ Kabba nìkan ti gba tábìlì tán; Odò-Ẹrẹ̀, ìlú tí irin yóò tún gbà kọjá, kò ráyè, irin kò ríbi yí po. Philip tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, ó mú ti àárín. Ó gbẹ́ ère mìíràn, tó oríkèé àtàǹpàkò.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ìró Rhoda bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́lẹ̀. Òrùka bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú omi ìfọṣọ. Ó jókòó sídìí maṣíìnì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tó irin tó máa ń tẹ̀ mọ́.

Juliet, oníbàárà rẹ̀, yọjú, ó kí i bí wọ́n ṣe ń kíra ní Kabba, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Okun o, Ìyá Moyin! Mo tiẹ̀ rò pé ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lẹ gbé jókòó síbẹ̀."

"Ṣé mo rù ni?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Juliet. Ó wò ó títí.

"Ẹ ò rù," ó ní.

Ó ká aṣọ rẹ̀ tí wọn kò tíì rán, ó lọ. Kò padà wá mọ́.

Rhoda lọ gbé ọ̀pá náà dúró, ó fẹ̀yìn tì í. Ọ̀pá náà yọ lókè orí rẹ̀ dáadáa. Imọ̀ gbígbẹ kì í sì í dàgbà.

"Ẹ sun ún níná," ó ní fún Philip.

"Ta ló ń sun ọ̀pá òkú? Inú ilẹ̀ là ń tẹ́ ẹ sí."

Àwọn méjèèjì mọ ẹni tó máa ń sùn tì í níbẹ̀.

"Ó dáa. Ẹ má tún dín ìwọ̀n yẹn kù. Mo bẹ̀ yín."

"Mo gbọ́."

"Ẹ búra."

"Mo ní mo gbọ́!"

Ṣùgbọ́n ìlú Ponyan kò tíì ráyè lórí tábìlì.

Páálí mìíràn dé láti ọ̀dọ̀ Moyinolúwa. Kò ju páálí ìṣáná lọ. Philip gbé e wọ yàrá ẹ̀yìn, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

Ìrọ̀lẹ́ ni. Wọ́n ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ àdúgbò kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ewúrẹ́ tó ń ké lẹ́yìnkùlé dákẹ́ lójijì. Rhoda dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gbọ́ ọkọ̀ ojú irin.

Kò ti inú yàrá wá. Ìta ló ti ń bọ̀, lọ́nà òkè, níbi tí irin kankan kò sí. Ó wúwo. Ó fọn fèrè. Sìmẹ́ńtì ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ Rhoda.

Ó nawọ́ sí ọwọ́ ilẹ̀kùn. Tẹ́lẹ̀, ìbàdí rẹ̀ ló máa ń bá. Àgbọ̀n rẹ̀ ló bá báyìí.

"Bàbá Moyin, ẹ ṣílẹ̀kùn!"

Ìgbà tó yá, ohùn Philip wá, jẹ́jẹ́, bí ohùn ẹni tó dorí kọ nǹkan tín-ín-rín.

"Ìyá Moyin, má dúró lójú irin."

Fèrè tún dún. Ó ti sún mọ́.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Rhoda níyàwó, kò pe orúkọ ọkọ rẹ̀ rí. Ó fi ìkúùkù gbá ilẹ̀kùn.

"Philip! Ìwọ̀n wo lo mú? Mo ní ìwọ̀n wo lo mú? Dá mi lóhùn!"