Ooru Tí Kì í Ṣe ti Oyún

"Eunice, bá mi mú abẹ̀bẹ̀ wá, ọmọ mi. Ooru yìí tún ti dé."

Aníwúrà ti tú gèlè rẹ̀ sí èjìká. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní Ìlútítun ni, atẹ́gùn tútù sì ń fẹ́ láti oko ọ̀pẹ, síbẹ̀ òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀ bí ẹni tó dúró ti iná. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ ẹ títí ooru náà fi lọ, ni òtútù bá tún mú un. Ó rẹ́rìn-ín.

"Bí ìwọ náà ṣe ṣe mí nìyẹn nígbà tí mo lóyún rẹ."

Ìgbà tí ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ ni. Eunice, akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé Mọ́dà tí wọ́n ń lọ lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nìkan ni ọmọ tó kù fún ìyá rẹ̀. Wọ́n ti sin àwọn tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, nígbà tí Aníwúrà kò rí nǹkan oṣù rẹ̀ mọ́, inú rẹ̀ dùn kọjá àlà. Òótọ́ ni pé ó ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n ṣé Sárà inú Bíbélì kò dàgbà jù ú lọ ni? Jethro ọkọ rẹ̀ ti ròyìn oyún náà fún àwọn ẹbí. Ìyá ti sọ ọmọ ní Morádéyọ̀, a sì máa bá a sọ̀rọ̀ bó bá ń ṣa ẹyìn: "Morádéyọ̀, rọra o, ẹnu iṣẹ́ la wà."

Lọ́jọ́ kan, Míìsì Títíladé, olùkọ́ tó wá láti Abẹ́òkúta, ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin nípa ìlera.

"Bí obìnrin bá ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún," ó ní, "nǹkan oṣù rẹ̀ yóò máa ṣe ségesège, títí yóò fi dá pátápátá. Ooru òjijì lè máa mú un, kí òógùn bò ó, kí oorun má kùn ún mọ́. Kì í ṣe àrùn, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ayé."

Ọwọ́ Eunice dúró lórí ìwé. Ó lọ sílé, ó fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún ìyá rẹ̀. Báwo ni èèyàn ṣe ń gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá tó ti sọ ọ́ lórúkọ?

Àmọ́ Àrìnkẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò jẹ́ kó sinmi. "Oyún ìyá rẹ, ṣé ẹ̀yìn ló wà ni? A ò rí ikùn!" Àwọn ẹgbẹ́ wọn yóò sì bú sẹ́rìn-ín.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, Eunice bá ìyá rẹ̀ níbi tí àwọn obìnrin ti ń se ẹyìn. Ooru mú Aníwúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada epo, ó bọ́ bùbá rẹ̀ sílẹ̀ lójú gbogbo wọn. "Morádéyọ̀ ló ń yọ mí lẹ́nu," ló wí. Àrìnkẹ́ dúró lẹ́yìn ìyá tirẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ìtìjú bo Eunice, ó sì pariwo:

"Ìyá, ẹ wọ aṣọ yín! Kò sí ọmọ kankan níkùn yín. Ẹ ti darúgbó ni!"

Obìnrin kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àwọn yòókù bá tẹ̀ lé e. Aníwúrà wo ọmọ rẹ̀, ó wo ikùn ara rẹ̀. Ó fi bùbá bò ó, ó fi epo sílẹ̀ lórí iná, ó sì lọ.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn ẹbí Jethro. Kí Kérésì tó dé, wọ́n ti mú Rose, ọmọge kan láti Ìjù-Odò, wá fún un bí ìyàwó kejì. Aníwúrà kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Bí ooru bá dé, yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ra kí ẹnikẹ́ni má bàa rí òógùn rẹ̀. Bí Eunice bá gbé abẹ̀bẹ̀, yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, yóò sì gbé e sílẹ̀.

Eunice sunkún lọ bá olùkọ́ rẹ̀. Míìsì Títíladé ní, "Òótọ́ lo sọ, ṣùgbọ́n ibo lo ti sọ ọ́? Mú ìyá rẹ wá."

Bọ́lẹ́kájà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ní Òkìtìpupa. Nọ́ọ̀sì Ọláníkẹ́ yẹ Aníwúrà wò, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ má bínú, Ìyá, kò sí oyún. Àmọ́ ẹ kò ṣẹ̀. Bí ara obìnrin ṣe ń yí padà nìyẹn. Ẹ máa wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ máa mu omi tútù. Ẹ dín ata kù, ẹ sì jìnnà sí iná. Bí ooru bá dé, ẹ fi aṣọ tútù lé ẹ̀yìn ọrùn, kí ẹ máa mí díẹ̀díẹ̀. Yóò rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá tún yọ lẹ́yìn tó ti dá fún ọdún kan, ẹ tètè padà wá."

Láti ọjọ́ náà, Eunice ló ń jókòó ti iná ẹyìn bó bá ti dé láti ilé-ìwé. Ooru náà rọlẹ̀ lóòótọ́. Nírọ̀lẹ́ kan, bí wọ́n ti ń jẹ pùpurù tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, ìyá rẹ̀ bi í pé:

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ìgbà tí Míìsì ti kọ́ wa, Ìyá."

"O ò bá ti jókòó tì mí, kí o sọ ọ́ sí mi létí. Ǹ bá sunkún, ṣùgbọ́n ǹ bá sun ún nínú ilé mi."

Eunice kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Aníwúrà gbé ọwọ́ lé e lórí. "Mo ti dárí jì ọ́," ó ní. "Ooru ti lọ, ọmọ mi. Àmọ́ ẹni tí mo ń retí kò wá."

Eunice kò purọ́ mọ́ ìyá rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ara òbí yín bá ń yí padà, ẹ wádìí, ẹ dúró tì wọ́n, ẹ má fi wọ́n wá ojú rere ẹgbẹ́. Òótọ́ tí a bá fi ẹ̀sín sọ, ọgbẹ́ ní í dá.