Iṣan Èjìká Bàbá

Abẹ́rẹ́ wà láàárín ètè ọmọbìnrin aránṣọ kan nígbà tí dókítà kọ́kọ́ rí i. Ó kúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ó ń tún aṣọ tí wọ́n fi gbé apá bàbá rẹ̀ kọ́ rán, nítorí pé etí aṣọ náà ti ń bó bàbá lọ́rùn.

"Ta ló ní kí o tú ohun tí a dì?" ni dókítà bi í.

Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Ẹni tó dì í ni kò mọ̀ ọ́n dì, sà."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìrora gé ẹ̀rín náà kúrú. Pẹ́ńtà ni bàbá. Wọ́n jábọ́ lórí àkàbà, iṣan tó so ẹran èjìká mọ́ egungun sì já kúrò lójú rẹ̀. Wọn kò lè gbé búrọ́ọ̀ṣì kọjá àyà mọ́.

Dókítà jókòó tì wọ́n, ó ṣàlàyé. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà dá irú iṣan bẹ́ẹ̀ padà. Àwọn kan ń lu ihò tín-ín-rín sínú egungun, wọ́n á fi okùn gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n á fà á so. Àwọn mìíràn ń dé síkírúù kéékèèké mọ́ egungun, okùn á ti wà lórí rẹ̀. Òun ń fi méjèèjì wé ara wọn láti mọ èyí tó ń pẹ́ jù. Bí aláìsàn bá gbà, ìbò ló ń yan ọ̀nà fún un.

"Èwo lẹ̀yin gbà gbọ́?" ni ọmọ bàbá bi í.

"Síkírúù."

"Lọ́dọ̀ tiwa aránṣọ, òwú kì í sábà já. Aṣọ ló máa ń ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ni dókítà ti ń pè é ní Alábẹ́rẹ́.

Bàbá gbà. Ìbò mú síkírúù, dókítà sì ṣe iṣẹ́ abẹ náà fúnra rẹ̀. Fún oṣù mẹ́ta tí bàbá fi ń wá na apá, ọmọ wọn ló ń mú wọn wá, dókítà a sì máa wá àwáwí láti gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn kọjá.

"Bọ́tìnnì yín ti fẹ́ já," ni Alábẹ́rẹ́ wí lọ́jọ́ kan.

"Mo mọ̀. Mo fi í sílẹ̀ kí o lè rí i ni."

Alábẹ́rẹ́ fi ọwọ́ bo ẹ̀rín.

Nígbà tó yá, dókítà lọ bá bàbá nílé, ó sọ pé òun fẹ́ fi ọmọ wọn ṣaya. Bàbá ní, "Ẹ jẹ́ kí apá mi yá ná, Dókítà."

Apá kò yá. Àwòrán inú èjìká fi hàn pé iṣan náà ti tún ya, lẹ́gbẹ̀ẹ́ síkírúù gan-an.

"Ọmọ mi kò ní fẹ́ ẹni tó fi apá mi kọ́ṣẹ́," ni bàbá wí. Alábẹ́rẹ́ kò bá wọn jiyàn. Ó lọ bá dókítà, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ṣé ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé ti bàbá mi ya?"

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dìde níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó sọ pé síkírúù tí òun ti ń gbé lárugẹ láti ọjọ́ yìí wá kò sàn ju ọ̀nà kejì lọ. Lẹ́yìn náà, ó bẹ ọ̀gá rẹ̀ obìnrin, àgbà oníṣẹ́ abẹ, pé kó fi ọ̀nà ihò tún ti bàbá ṣe. Òun fúnra rẹ̀ kò fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Apá bàbá ló gbé dání láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nígbà tí bàbá padà sílé, dókítà lọ kí wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mo sọ ohun tí mo gbà gbọ́ fún yín bí ẹni pé mo mọ̀ ọ́n dájú."

"Ẹni mélòó ni tiwọn ya bíi tèmi?"

"Mẹ́jọ."

"Ǹjẹ́ ẹ ti lọ bá wọn?"

"Mo ti lọ bá méje. Ẹ̀yin lẹ ṣìkẹjọ."

"Ó wà nínú yàrá ìránṣọ," ni bàbá wí níkẹyìn. "Lọ bá a, ọmọ mi." Wọn kò pè é ní ẹ̀yin mọ́.

Bí dókítà ṣe wọlé, Alábẹ́rẹ́ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Apá wọn kò ní padà sí bó ṣe wà," ni dókítà wí. "Bó bá yá tán, kò ní ga ju èjìká lọ. Mo ti sọ fún wọn."

"Bó bá jẹ́ tèmi ló bàjẹ́ lọ́wọ́ yín ńkọ́?"

"Ẹnu mi lo ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

Alábẹ́rẹ́ na ọwọ́ sí i. "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ sọ fún bàbá pé mo gbà."