Orúkọ Ẹ̀kẹta

Òjò kò rọ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, síbẹ̀ omi ń kán tó-tó-tó lára ìdì tí ìyá arúgbó kan gbé sórí káńtà ṣọ́ọ̀bù ìdìwé. Ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun. Aṣọ rẹ̀ gbẹ, bàtà rẹ̀ gbẹ, ìdì náà nìkan ló rin gbindin.

Abẹ́rẹ́, ìyàwó adìwé, jókòó lẹ́yìn káńtà, ó ń fún ọmọ tuntun lọ́mú. Ọkọ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́, nítorí òun ló máa ń fi òwú rán àwọn ewé ìwé pọ̀ kí ọkọ tó fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn wọn.

Ìyá arúgbó náà kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Mo gbọ́ pé ẹ ti bí ẹ̀kẹta. Ìwé náà lè pé wàyí." Ó sì jáde. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí wọ́n bí ọmọ náà, wọn kò tíì sọ fún ará ilé kejì pàápàá.

Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ni ẹnì kan mú ìwé ìtàn àtijọ́ kan wá sí ṣọ́ọ̀bù pé kí wọ́n bá òun tún un dì, ìtàn tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń yìn ṣùgbọ́n tí ẹ̀dà rẹ̀ ti di àwátì. Ẹni náà kò padà wá. Adìwé tó mọṣẹ́ kì í fọwọ́ kan ìwé láìka ewé rẹ̀. Ọkọ Abẹ́rẹ́ kà á, ó rí i pé ewé mẹ́ta tó kẹ́yìn kò sí níbẹ̀, kò sì kà á sí nǹkan kan. Ìtàn ọmọ méjì ni, àti ẹ̀kẹta tó ṣì wà nínú oyún, tí bàbá wọn ti yan orúkọ dè. Ìtàn náà dùn mọ́ ọkọ Abẹ́rẹ́ débi pé ó fi orúkọ àgbà sọ ọmọbìnrin rẹ̀, ó fi ti ìkejì sọ ọmọkùnrin tó tẹ̀ lé e, ó sì ń fọ́nnu kiri pé ìwé ńlá ń gbé ilé òun.

Abẹ́rẹ́ kò fẹ́ràn orúkọ wọ̀nyẹn rárá. Ọ̀gá ló ń pe ọmọbìnrin rẹ̀, nítorí ọmọ náà a máa pàṣẹ fún tọmọdé tàgbà. Àbúrò ló ń pe ìkejì.

Nígbà tí Ọ̀gá pé ọmọ ọdún márùn-ún, ó já bọ́ lórí àtẹ̀gùn, apá òsì rẹ̀ kán. Bàbá rẹ̀ ṣí orí kẹta ìwé náà, níbi tí àgbà ti ṣubú, han dókítà: apá kan náà, ọjọ́ orí kan náà. Ọmọ ń ké, òun ń rẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ kò dárí ìyẹn jì í títí dòní.

Ewé mẹ́ta ló wà nínú ìdì náà, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra. Ooru omi gbígbóná ni wọ́n fi ń tú irú ewé bẹ́ẹ̀, ẹyọ kan lóòjọ́, torí bí èèyàn bá kánjú, gbogbo rẹ̀ á fà ya. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ tú ti àkọ́kọ́, wọ́n sì jọ kà á. Ó wà níbẹ̀ pé lọ́jọ́ tí wọ́n kọ orúkọ àbíkẹ́yìn sínú ìwé ìjọba, àgbà wọn sọ̀ kalẹ̀ láti òkè pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ tábìlì, kò sì dìde mọ́.

Ọkàn Abẹ́rẹ́ dà rú. Ó ní kí wọ́n dáná sun ún. Ọkọ ní ta ni orí rẹ̀ pé tí á sun irú ìwé bẹ́ẹ̀, pé ìtàn lásán ni, àti pé òun á lọ kọ orúkọ ẹ̀kẹta sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

"Bàbá Ọ̀gá," ni Abẹ́rẹ́ wí jẹ́jẹ́, "ọmọ mi kò ní jẹ́ orúkọ yẹn."

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, bí ọkọ ṣe ń gbé omi kaná fún ewé kejì, Abẹ́rẹ́ gbé ọmọ tuntun, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde lọ sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀. Lọ́kàn rẹ̀, bí orúkọ mìíràn bá ti wọ ìwé ìjọba, ìtàn náà kò ní ríbi gbà wọlé mọ́. Akọ̀wé béèrè orúkọ ọmọ. Orúkọ ìyá tó bí Abẹ́rẹ́ ló bọ́ sí i lẹ́nu, obìnrin tó ti kú kí Abẹ́rẹ́ tó mọ ọkọ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì dárúkọ rẹ̀ rí nínú ilé yẹn. Akọ̀wé kọ ọ́, ó lu òǹtẹ̀ lé e. Ara Abẹ́rẹ́ wá fúyẹ́. Ó ra bisikíìtì fún Ọ̀gá bó ṣe ń bọ̀.

Ilé dákẹ́ nígbà tó dé. Ọkọ rẹ̀ dúró ní ṣọ́ọ̀bù, ewé kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ètè rẹ̀ ti funfun.

"Orúkọ wo lo kọ?"

Ó sọ ọ́. Ọkọ na ewé náà sí i. Abẹ́rẹ́ kà á pé ẹ̀rù ba ìyá àwọn ọmọ náà, pé ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó sì fi orúkọ ìyá tirẹ̀ sọ àbíkẹ́yìn kí ó lè gba àgbà là. Orúkọ náà wà níbẹ̀ gedegbe, tàdáwà rẹ̀ ti ṣá fún ogbó.

Ó jù ú sílẹ̀, ó sáré wọ inú ilé. Bàtà kékeré kan wà lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀gá wà lábẹ́ tábìlì tí ìyá rẹ̀ ti ń rán ìwé, ó fi ọwọ́ òsì rọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tó ń sùn, ara rẹ̀ ti tutù. Abẹ́rẹ́ gbé e mọ́ra, ó pè é ní Ọ̀gá. Ó pè é ní orúkọ inú ìwé pàápàá, èyí tí kò fẹnu ara rẹ̀ pè rí. Ọmọ kò dáhùn.

Nígbà tó gbójú sókè, Àbúrò dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń wo ewé kẹta lórí káńtà, èyí tí wọn kò tíì tú.

"Bàbá," ni ó wí, "kí ni wọ́n kọ nípa tèmi?"

Abẹ́rẹ́ yíjú sí ọkọ rẹ̀, kí ó lè sọ fún ọmọ náà pé kò sí nǹkan kan. Ọkọ rẹ̀ ti tún gbé omi padà sórí iná.